Orin Ẹ̀fẹ̀ Ilẹ̀ Kétu: Ibi Tó Ti Ṣẹ̀ àti Ọ̀nà Tó Gbà

Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn orin Ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ Kétu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin yóò rìn jìnnà kó tó rí i kà. Apá kan wà nínú ìwé àtìgbàdégbà èdè Faransé tí wọ́n ń tẹ̀ láyé tí Benin ṣì ń jẹ́ Dahomey, apá kan wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn, òmíràn wà nínú ìwé ńláńlá tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà gbé jáde, èyí tó pọ̀ jù sì wà lẹ́nu àwọn tó ń kọ ọ́. Bí èèyàn bá tún wá rí gbogbo rẹ̀ kó jọ tán, ìjà ni yóò bá láàárín wọn. Ìwé kan ní Kétu ni Ẹ̀fẹ̀ ti ṣẹ̀, èkejì ní Ìlóbì ni, ẹ̀kẹta gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Wọn kò fẹnu kò lórí ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, wọn kò sì fẹnu kò lórí ọdún. Ó yẹ ká kó wọn jọ sójú kan, ká gbọ́ tẹnu oníkálukú, ká sì dá ẹjọ́ tó ṣeé dá.

Kétu wà ní ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, ní ẹkùn ìjọba tí wọ́n ń pè ní Plateau, níbi tí Pobè àti Sakété náà wà. Ibodè Nàìjíríà kò jìnnà sí i. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá tó wà lápá ọ̀hún, ọmọ Kétu kan náà ni gbogbo wọn kí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó jọ fọwọ́ sí ìwé lọ́dún 1889, tí wọ́n la ààlà gba àárín wọn kọjá. Ìtàn ìlú sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣí wá, pé wọ́n dúró ní Òkè Ọ̀yán, wọ́n tún dúró ní Aró, kí ọba wọn, Alákétu Ẹdẹ, tó kó wọn dé ibi tí wọ́n wà títí di òní. Ìlú olódi ni. Ẹnu odi rẹ̀ tó lókìkí jù lọ, Àkábà Ìdènà, ṣì wà níbẹ̀ tí àlejò ń wò.

Lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Ẹ̀fẹ̀ wà. Ọdún kan náà ni, ó kàn pín sí ọ̀nà méjì: òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, orin ló sì ni ín, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó ló sì ni ín. Nítorí pé ère igi ṣeé gbé wọ ọkọ̀ òkun, tí orin kò ṣeé gbé, ère ni àwọn òyìnbó kó lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, ère náà ni ọ̀pọ̀ ìwé sì ń sọ. Èèyàn lè ka ojú ìwé ọgọ́rùn-ún nípa igi, ọ̀dà àti ọ̀bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà kó má rí orin kan ṣoṣo níbẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí yan orin láàyò, kò sì ní tọrọ gáfárà.

Ọjà ni wọ́n sábà máa ń lò. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, tí àwọn onílù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó sídìí ìlù wọn, tí èrò ti yí agbo ká, àwọn aṣíwájú ni yóò kọ́kọ́ yọjú. Arábí Ajígbálẹ̀ á gbá ojú agbo mọ́. Agbéná á gbé iná rẹ̀ dé, iná yẹn á sì kúrò nílẹ̀ kí ọ̀gá tó dé, torí inú òkùnkùn ni ọ̀gá ti ń kọrin. Tètèdé, tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí obìnrin, ni yóò wá pè é jáde. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń to tirẹ̀: ibòmíràn fo ọ̀kan nínú wọn, ibòmíràn fi ọ̀kan kún un. Àmọ́ kò sí ibi tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, ọ̀gá olórin náà, ti ń ṣáájú. Òun ni gbogbo ìlú ń dúró dè.

Ọkùnrin ni, bí gbogbo àwọn tó ń gbé ère ṣe jẹ́ ọkùnrin. Ère orí rẹ̀ ní Kétu jẹ́ olójú funfun, òṣùpá lẹ́sẹ̀ oṣù sì wà lórí rẹ̀. Ìrùkẹ̀rẹ̀ méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin ń ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó bá ti ń rìn. Kò ní bẹ̀rẹ̀ láìjúbà. Yóò júbà òrìṣà, yóò júbà àwọn tó ti kọ Ẹ̀fẹ̀ ṣáájú rẹ̀, yóò júbà àwọn àgbà, yóò sì júbà àwọn ìyá, àwọn tí a kì í dárúkọ lásán lóru. Ìjúbà yìí lè gùn, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ pé ó gùn jù. Lẹ́yìn náà ni orin tòótọ́ á wá bẹ̀rẹ̀: ẹni tó jí, ẹni tó purọ́, ìyàwó tó sá kúrò nílé ọkọ, ọkọ tó lé ìyàwó lọ láìnídìí, baálẹ̀ tó gba owó ìlú jẹ, olóṣèlú tó ṣèlérí ọ̀nà tí kò sì la ọ̀nà. Yóò kọrin arò fún àwọn tó kú láàárín ọdún. Yóò sọ ìtàn. Yóò ṣàdúrà fún aboyún àti fún oko. Títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bí orin ṣe ń kúrò lẹ́nu ẹnì kan di ti gbogbo ìlú ni ohun tó yẹ kí àlejò fara balẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á dá orin lẹ́ẹ̀kan, ìlù á rọ̀ kí ọ̀rọ̀ lè dá ṣáká. Àwọn elégbè rẹ̀, tí wọ́n ti jọ ṣe ìgbaradì níkọ̀kọ̀ fún ọ̀pọ̀ òru, á gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á sì tún un kọ. Wọ́n á tún un kọ títí àwọn obìnrin tó jókòó á fi mọ ìparí rẹ̀, wọ́n á sì gbè é. Kí ìlù tó gbóná padà, gbogbo agbo ti di elégbè. Bí orin náà bá dùn, wọn yóò máa kọ ọ́ lóko, wọn yóò máa kọ ọ́ lódò lọ́jọ́ kejì, ẹni tí wọ́n fi orin náà bú yóò sì máa gbọ́ ọ láti ẹnu ọmọdé. Ní Japan, láti ìgbà tí Inoue Daisuke ti ṣe ẹ̀rọ karaoke rẹ̀ ní Kobe lọ́dún 1971, ẹ̀rọ ló ń lu ìlù tí oníbàárà sì ń gba ipò olórin fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kétu kò gba irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè. Agbára kan wà lẹ́yìn Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ tó fi ń dá orin, èrò kò sì lè ṣe jù kó gbè é.

Agbára náà, ọwọ́ àwọn obìnrin ló ti ń gbà á. Ìyálàṣẹ ni olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bí ọkùnrin tó ń gbé ère tilẹ̀ ń gba ìyìn lójú agbo. Ààbò tó wà lórí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ yìí ló jẹ́ kó lè kọrin bú ọba lójú ọba, tí ọ̀la á fi mọ́ tí kò sí ẹni tó máa pè é lẹ́jọ́. Ohun tí ẹlòmíràn bá sọ tó di ọ̀ràn, bí Ẹ̀fẹ̀ bá sọ ọ́, ó di orin.

Ó kan ibi tó ti ṣẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀ ni Thomas Moulero, ọmọ Kétu, ẹni tí wọ́n fi joyè àlùfáà Kátólíìkì lọ́dún 1928, tó sì jẹ́ ọmọ Dahomey àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ó ti ń kọ ìtàn Kétu sílẹ̀ láti ẹ̀wádún 1920. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ jáde nínú ìwé *Études dahoméennes* lọ́dún 1971. Ó ya èèyàn lẹ́nu díẹ̀ pé ọwọ́ àlùfáà ìjọ Àgùdà ni ìtàn ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ ọmọ onílé ló ń sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Ìtàn tó gbà sílẹ̀ ni ti àwọn ọmọ ọba méjì, ìbejì, tí wọ́n ń du oyè bàbá wọn. Ẹdun ni orúkọ ọ̀kan, Akan ni orúkọ èkejì. Akan fẹ́ pa Ẹdun, Ẹdun bá sá lọ sí Ìlóbì. Níbẹ̀ ló ti fi ère àti ìkarahun ìgbín tí ń ró dẹ́rù ba àwọn tí wọ́n rán wá pa á lóru, tó fi bọ́, tó sì padà wá jọba. Òun ló gbé eré náà wọ Kétu. Àwọn tó fẹ́ fi ọdún sí i so ó mọ́ ìgbà tí Alákétu Akibiowu wàjà, ìyẹn sì mú un dé ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún.

Ìlóbì ní tirẹ̀, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, sọ pé àwọn ló ni ín, pé Kétu kàn yá a lọ́wọ́ wọn ni. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìtàn Kétu fúnra rẹ̀ dáadáa: ibo ni Ẹdun sá lọ? Ẹni tó ń sá fún ikú kì í dá eré tuntun sílẹ̀ nílùú onílùú láìjẹ́ pé ó bá nǹkan kan níbẹ̀. Bí Kétu bá fẹ́ kó gbogbo ògo náà, kò yẹ kó dárúkọ Ìlóbì nínú ìtàn rẹ̀ rárá. Ó dárúkọ rẹ̀, ẹ̀rí ńlá sì nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti Yemọja. Fágbénró Beyioku, babaláwo ìlú Èkó, gbé ìwé kékeré kan jáde lọ́dún 1946 lórí ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nínú rẹ̀ ni Ifá ti sọ pé Yemọja ń wá ọmọ, wọ́n ní kó rúbọ, kó sì gbé ère igi sórí, kó so irin mọ́ ẹsẹ̀ jó. Ó ṣe é, ó bí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ó tún bí obìnrin kan tó ń jẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn kan fi ìtàn yìí mú eré náà lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ìtàn tó dára ni, ó sì sọ ìdí tí a fi ń jó o ju ibi tí a ti kọ́kọ́ jó o lọ. Ẹsẹ Ifá kì í ṣe ìwé ọdún àti oṣù; ẹni tó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀ ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rí mẹ́ta ló gbe Kétu. Àkọ́kọ́, Henry àti Margaret Drewal, àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ẹ̀wádún 1970 rìn káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, Kétu àti Àwórì, rí i pé bí wọ́n bá bi àwọn ìlú tó ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ léèrè ibi tí wọ́n ti rí i, ọwọ́ tó pọ̀ jù lọ ń tọ́ka sí Kétu. Ìlú kì í sábà fi ògo tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìnídìí. Èkejì, méjì méjì ni àwọn alágbèéjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jáde ní ilẹ̀ Kétu àti àyíká rẹ̀, aṣọ kan náà, ère kan náà, èyí tó bá ìtàn ìbejì náà mu dé ìwọ̀n kan. Ẹ̀kẹta wá láti òdìkejì òkun. Ní Salvador, ní Bahia ilẹ̀ Brazil, níbi tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Candomblé tó gbajúmọ̀ jù ti ń pe ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Kétu, Maria Júlia Figueiredo ti Ilé Ìyá Nàsó jẹ oyè nínú ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kọ ìtàn Candomblé ṣe sọ, ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń ṣe ọdún náà. Ọdún 1789 ni ogun Dahomey kó ọmọ Kétu ní Ìwóyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọjá sí Bahia. Ohun tí wọ́n bá gbé lọ gbọ́dọ̀ ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e.

Nítorí náà, ibi tí ẹ̀rí dúró sí nìyí: irúgbìn lè jẹ́ ti Ìlóbì, Kétu ló gbìn ín tó fi di igi, kò sì pẹ́ ju ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún lọ. Ibi tí àwọn Drewal fi í sí náà nìyẹn nínú ìwé wọn ti ọdún 1983. Nígbà tí UNESCO wá ń kọ tirẹ̀, ó ní wọ́n ti ń ṣe eré náà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, bí ẹni tó wo arúgbó tó sọ pé ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún.

Àríyànjiyàn tún wà lórí ohun tí orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ túmọ̀ sí, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn kan tún ní eré náà jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn obìnrin ló ń jọba Yorùbá rí. Kò sí ohun tó ti èyí lẹ́yìn.

Èyí tó gba ìrònú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àjẹ́. Pierre Verger, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1965 lórí ìyàmi Òṣòròǹgà, wo gbogbo ẹgbẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà láti pẹ̀tù sí àwọn àjẹ́ nínú, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé sì tẹ̀lé e. Babátúndé Lawal kò gbà pẹ̀lú wọn nínú ìwé rẹ̀ *The Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Spectacle* tó jáde lọ́dún 1996. Ó ní Ìyá Ńlá ni eré náà ń bọ, àlàáfíà àwùjọ ló sì ń wá. Ọ̀rọ̀ àjẹ́ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe òun ni gbogbo rẹ̀. Orin fúnra rẹ̀ gbe Lawal. Bí a bá ka àwọn orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, olè, alágbèrè, ahun àti olóṣèlú ń jìyà ẹnu níbẹ̀ dáadáa, tí ẹyẹ òru kò sì fara hàn jù nínú ìjúbà lọ.

Nípa Ẹ̀fẹ̀ láàárín ọdún 1800 sí 1886, ìwé kò sọ púpọ̀. T. J. Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, dé Kétu lọ́dún 1851, Samuel Ajayi Crowther sì tẹ̀lé e lọ́dún 1853. Ìhìnrere àti ọ̀nà láti rí àyè kọ́ ilé ìjọsìn ni iṣẹ́ tó gbé wọn débẹ̀. Lọ́dún 1886, ogun Glele, ọba Dahomey, fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Abomey, ìlú náà sì dá páropáro.

Láti ìgbà tí ìlú tún gbéra ni ìtàn Ẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹran lára, nítorí pé láti ìgbà náà ni ìwé ìjọba àti orin ti ń sọ ohun kan náà láti ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Faransé ṣẹ́gun Abomey lọ́dún 1892. Àwọn tó kù nínú ọmọ Kétu padà sílé, wọ́n tún odi ṣe, Onyegen sì gorí ìtẹ́ Alákétu lọ́dún 1894. Ọ̀rọ̀ dùn mọ́ wọn nínú ní àkọ́kọ́, nítorí òyìnbó ló já wọn gbà lọ́wọ́ ẹni tó kó wọn lẹ́rú. Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Owó orí dé. Iṣẹ́ àfipáṣe dé, ẹni tí kò bá ṣe é, alákòóso ìjọba lè jù ú sẹ́wọ̀n láì gbé e dé ilé ẹjọ́ kankan. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n máa fi ṣe sójà. Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pobè, ó di ìjà ojú kojú láàárín 1914 sí 1915. Àwọn ará Kétu ní tiwọn fi ẹsẹ̀ jà: wọ́n di ẹrù wọn lóru, wọ́n gba ibodè kọjá sí ìhà Ìmẹ̀kọ lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹbí wọn ló wà níbẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Láàárín gbogbo èyí ni Faransé tún gbé agbára lé obìnrin kan lọ́wọ́ láàfin, Alaba Ida, ìyàwó Alákétu Onyegen. Ní ẹ̀wádún 1910, ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ òyìnbó ń gbà dé etí ìlú. Lorelle Semley kọ ìwé kan jáde lọ́dún 2011, *Mother Is Gold, Father Is Glass*, lórí Kétu àti ipò àwọn ìyá níbẹ̀. Ìwé yẹn ló tú ọ̀rọ̀ Alaba Ida palẹ̀ jù. Èèyàn lè rí ohun tó ta kókó níbẹ̀ láìlo awò ojú: ìlú tó ti gbà tipẹ́ pé ìyá ló ni àṣẹ lẹ́yìn Ẹ̀fẹ̀ wá rí ìyá mìíràn tí àṣẹ tirẹ̀ wá láti ọ́fíìsì òyìnbó. Owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe ló ń bá àṣẹ yẹn rìn. Onyegen wàjà lọ́dún 1918, àkókò Alaba Ida náà sì kọjá.

Ẹni tó kọ́kọ́ mú orin Ẹ̀fẹ̀ bí ẹ̀rí ìtàn fún ìgbà yìí ni Anthony Ijaola Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Yunifásítì Èkó. Ibi tí wọ́n bí i sí ṣe pàtàkì: ẹni tó dàgbà lẹ́bàá ààlà ni, tó mọ̀ pé ẹbí kan náà ń san owó orí méjì fún ìjọba méjì. Nígbà tó ń ṣe ìwádìí tó di ìwé *Western Yorubaland under European Rule, 1889–1945*, èyí tó jáde lọ́dún 1976, ó wọ ilé àkójọ ìwé ìjọba, ó sì tún lọ jókòó ti àwọn tó mọ orin. Lọ́dún 1975, nínú ìwé tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lórí ìtàn àfẹnusọ Yorùbá, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi hàn gbangba pé orin Ẹ̀fẹ̀ lè jẹ́rìí lórí ìṣíkiri, lórí ìwà àwọn ọba àti ìjòyè, lórí ohun tí àwọn èèyàn rò nípa òyìnbó. Ìwé àwọn alákòóso Faransé sọ iye owó orí tí wọ́n gbà. Orin sọ bí ó ṣe dun àwọn tó san án.

Àwọn òpìtàn kan kò fara mọ́ èyí tán. Wọ́n ní Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe adájọ́, ó lè gba owó, ó lè gbe ẹbí rẹ̀, ó sì lè bú ẹni tí kò ṣẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ alákòóso Faransé tó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ ní Porto-Novo náà ní ohun tó ń wá, kò sì sí òpìtàn tó sọ pé ká ju lẹ́tà rẹ̀ nù. Ó kéré tán, orin tó bá irọ́ mu kì í pẹ́ lẹ́nu ìlú, torí èrò tó ń gbè é mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà kò ní elégbè.

Láàárín ẹ̀wádún 1950 sí 1990 ni ìwé pọ̀ jù. Geoffrey Parrinder, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì tó ti ṣiṣẹ́ ní Dahomey kó tó lọ kọ́ni ní Ìbàdàn, gbé *The Story of Ketu* jáde lọ́dún 1956. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àmọ́ títí di òní ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Édouard Dunglas, alákòóso Faransé tẹ́lẹ̀, kọ tirẹ̀ lórí ìtàn Abomey, Kétu àti Ouidah ní èdè Faransé. Ulli Beier kọ nípa ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú ìwé *Odù* lọ́dún 1958. William Bascom bá Duga ti Ìmẹ̀kọ, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣiṣẹ́ lọ́dún 1950, ó sì kọ ìtàn rẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Igi ni Beier àti Bascom ń wò jù. Àwọn Drewal ló mú igi àti orin pọ̀. Ìwé wọn ní apá kan tó ya orin Ẹ̀fẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti ìjúbà, ti ìṣèlú àti ìwà àwùjọ, ti ìtàn, ti ìrántí òkú. Ó ní Yorùbá rẹ̀, ó sì ní ìtumọ̀ rẹ̀. Benedict Ibitokun kọ tirẹ̀ lọ́dún 1993 lórí Kétu nìkan, ó wo ijó náà gẹ́gẹ́ bí eré orí ìtàgé tó tún jẹ́ ìbọ. Ẹni tí kò bá rí àyè ka gbogbo wọn lè mú ti Drewal àti àpilẹ̀kọ Asiwaju, yóò tó o.

Ní ìhà Benin, ìjọba Mathieu Kérékou tó gbàjọba lọ́dún 1972 gbógun ti àjẹ́ àti ohun tó pè ní àṣà àtijọ́ ní àárín ẹ̀wádún 1970. Ẹgbẹ́ tí orúkọ àwọn ìyá ń gbé kiri kò lè rí ìgbà yẹn bí ìgbà ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn àpérò gbogbogbòò ti ọdún 1990, ẹnu tún là.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn iṣẹ́ àtàtà àfẹnusọ ayé. Mọ́kàndínlógún ni gbogbo ohun tí wọ́n kéde nígbà àkọ́kọ́ yẹn, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo ló sì jọ wà lórí ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lọ́dún 2008 wọ́n kó o sínú àkójọ àṣà àjogúnbá gbogbo ẹ̀dá. Ọlábíyìí Yáì, onímọ̀ èdè Yorùbá láti Benin, ni alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO lásìkò náà. Ìwé tí UNESCO kọ mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin náà, ó sì mẹ́nu kan ìfiniṣẹ̀sín tó wà nínú rẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé òwò àwọn arìnrìn-àjò lè sọ ọ́ di eré lásán.

Ọmọ Kétu tó wà láàárín ọgbọ̀n sí ogójì ọdún báyìí, ọmọdé ló jẹ́ nígbà ìkéde yẹn, tàbí kó má tíì ju ọ̀dọ́mọdé lọ. Orin Ẹ̀fẹ̀ tó mọ̀ ni èyí tó gbọ́ ní òru ọjà nígbà èwe rẹ̀, pa pọ̀ mọ́ orin Nàìjíríà tó ń gba ibodè kọjá lórí fóònù. Fóònù náà ti yí nǹkan kan padà: ẹni tí wọ́n fi orin bú kò ní dúró de kí ọmọdé kọ ọ́ lódò mọ́, wọ́n lè fi ránṣẹ́ bá a ní Cotonou tàbí ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní tiwọn ti ń bọ́ sí gbàgede mìíràn. Kifouli Dossou ti Covè gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó dé ibi àfihàn Fondation Zinsou ní Cotonou. Láti ọdún 2024 sì ni ìjọba Benin ti ń ṣe Vodun Days ní Ouidah, tí àlejò ń wá láti gbogbo ayé wo àwọn agbéère àti ijó. Ọ̀sán ni àlejò sábà ń rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀, fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ ní láti wọkọ̀ lọ sí Kétu tàbí Ìmẹ̀kọ, kó béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ Ìyálàṣẹ, kó sì gbà pé kò ní sùn.